Ohun Tó Mọ́

Èèrà ló kọ́kọ́ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí.
Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà dé abẹ́ àga,
wọ́n ń kó èérún tùwó lóru
nínú abọ́ Kúbúrá, ọmọ mi ọlọ́dún méje,
tó ti sùn lọ fọnfọn, tọwọ́ tọbẹ̀.

Mo ti pariwo. Mo ti fa etí.
Ìyá mi wá láti Òkèlélé, ó ní kí n lo pàṣán,
pàṣán ló fi tọ́ èmi.
N kò dá a lóhùn.
Pàṣán yẹn náà ló kọ́ mi ní irọ́ pípa,
òun náà mọ̀.

Fọkanáísà ni mí, lọ́nà Gérí Àlímì.
Nọ́ọ̀tì tí ojú rẹ̀ ti jẹ kò wọ́n mi.
Mo kó bíi mélòó kan wálé nínú àpò ṣòkòtò,
mo gbé agolo mílíìkì òfìfo sójú fèrèsé.
"Alẹ́ tí o bá fọ abọ́ rẹ kí o tó sùn,
ju ẹyọ kan síbẹ̀.
Bó bá pé méje, wàrà."
Ojú ọmọ là.
Wàrà ìyá Páàté, tó ń gbé igbá kọjá láàárọ̀ Jímọ́ọ̀,
èyí tó ń léfòó nínú omi ara rẹ̀,
tó ń ké lábẹ́ eyín bí ẹni ń rẹ́rìn-ín.

Kín-ín. Alẹ́ àkọ́kọ́.
Kín-ín. Ìkejì.
Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ó gbàgbé, agolo dákẹ́,
n kò sọ nǹkan kan.
Láàárọ̀ ó yọjú sínú agolo
bí ẹni tó ń wo ìkòkò tí kò tíì hó.

Ó di ọjọ́ kan, ìyá mi fẹ́ lo oògùn.
"Kúbúrá, bu omi wá fún mi."
"Nọ́ọ̀tì mélòó ni, Màmá?"

Ìyá mi kò bínú, ì bá sàn kó bínú.
Ó kàn wò mí.
Èmi ni mo dìde lọ bu omi náà.

Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn.
Jáàkì ni mo ń rò.
A máa ń fi í gbé mọ́tò sókè
kí á ráàyè pààrọ̀ táyà,
ṣùgbọ́n ta ló gbé mọ́tò sórí jáàkì
tó ní òun ń lọ sí Ọ̀fà?
Bí nọ́ọ̀tì bá ti le, a ó sọ ọ́ kalẹ̀.
Wọ́ọ́rọ́wọ́. Kó má baà fọ́ni lẹ́sẹ̀.

Mo sọ fún un pé omi àgbà kò ní nọ́ọ̀tì.
Méje di mẹ́wàá, mẹ́wàá di ogún.
Nígbà mìíràn mo kàn ní,
"Kúbúrá, èèrà mà ti kó kúrò nílé wa,"
á rẹ́rìn-ín, á tún abọ́ náà wò.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, koríko gbẹ,
ìyá Páàté bá màlúù lọ, wàrà dáwọ́ dúró.
Mo ní ó tán, ibi tí a ó dé nìyẹn.
Mo tẹ́tí lálẹ́: agolo kò dún.
Mo dìde, mo tan iná fóònù sí ẹ̀yìnkùlé.
Abọ́ náà dojú dé lórí òkúta, omi ń kán lára rẹ̀.
Mo jí i díẹ̀. "Nọ́ọ̀tì ńkọ́?"
"Háà, Bàbá. Mo gbàgbé."

Nọ́ọ̀tì ló gbàgbé.
Abọ́ mọ́,
ó sì ti mọ́ ọn lára
kí ilẹ̀ tó mọ́ ba èmi tí mo rò pé mo ń kọ́ni.

Lánàá mo jẹun tán,
mo gbé abọ́ mi, èmi tí mo ń fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀
láti ọjọ́ tí a ti so yìgì,
mo fọ̀ ọ́, mo dà á dé.
Ilé ti pa rọ́rọ́.
Mo rò pé gbogbo wọn ti sùn.

Láti ojú fèrèsé:
kín-ín.